Ọmọ ọ̀kẹ́rẹ́ tí ológbò gé jẹ: kí la lè ṣe fún un nílé kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà?

Ṣadé_T
Ẹ kúrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Ológbò wa ló gbé ọmọ ọ̀kẹ́rẹ́ kan wọlé, mo gbà á lẹ́nu ẹ̀, kò tíì kú. Irun ti bo gbogbo ara ẹ̀ àmọ́ ojú ẹ̀ ò tíì là, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ẹ̀, ara ẹ̀ tutù, ó kàn ń gbọ̀n ṣáá ni. Mo ti fẹ́ fún un ní mílíìkì, ọkọ mi ní kí n má dán an wò, kí n kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀. Dókítà ẹranko tó sún mọ́ wa ti ṣíwọ́, ó di àárọ̀ ọ̀la. Kí ni kí n ṣe títí ilẹ̀ á fi mọ́?

Ìyá_Kẹ́hìndé
Ẹ bá mi kí ọkọ yín o, wọ́n gbọ́n. Ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má fún un lómi, ẹ má tíì fún un ní nǹkan kan. Ooru ló kọ́kọ́ kàn. Ọmọ ẹranko tí ara ẹ̀ bá tutù báyẹn, inú ẹ̀ ò lè da oúnjẹ, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá kán sí i lẹ́nu, ibẹ̀ ló máa jókòó sí tí á fi bàjẹ́ mọ́ ọn nínú. Òtútù ló ń pa wọ́n lálẹ́ àkọ́kọ́, kì í ṣe ebi.

Ẹ wá páálí bàtà, ẹ dá ihò sí ìdérí ẹ̀, ẹ tẹ́ aṣọ rírọ̀ sínú ẹ̀. Kó má jẹ́ tówẹ́ẹ̀lì o, torí èékánná wọn máa ń há sínú òwú tówẹ́ẹ̀lì, tó bá wá ń já ara ẹ̀ gbà ó lè fi ṣe ìka ẹ̀ léṣe, T-shirt tó ti gbó ló dáa jù. Ẹ rọ omi gbígbóná sínú ìgò ike, ẹ fi aṣọ wé ìgò náà kó má jó o, kẹ́ ẹ wá gbé e sí apá kan páálí yẹn. Apá kan ni mo wí o, kì í ṣe gbogbo ẹ̀, kó lè ríbi sún sí tó bá gbóná jù fún un. Omi yẹn á tutù tó bá di òru, ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ gbé gbogbo ẹ̀ síbi tó ṣókùnkùn, tó dákẹ́, tí ológbò ò lè dé, tí àwọn ọmọ ò ní máa wá ṣí i wò ní gbogbo ìgbà. Ìbẹ̀rù nìkan tó láti pa ẹranko ìgbẹ́, ẹ̀yin lẹ rò pé ẹ̀ ń kẹ́ ẹ, lójú tiẹ̀ ńṣe lẹ fẹ́ pa á jẹ.

Yínká247
Ẹ má bínú ma, èmi mọ ẹni tó fi mílíìkì màlúù tọ́ ọ̀kẹ́rẹ́ tó sì dàgbà. Mi ò bá yín jiyàn o.

Ìyá_Kẹ́hìndé
Yínká, èmi náà mọ ẹni tó já bọ́ látorí òrùlé tí kò kú, ṣé ká wá máa fò látorí òrùlé ni? Mílíìkì màlúù máa ń jẹ́ kí wọ́n yàgbẹ́ gbuuru, ọmọ tó kéré báyẹn ò sì ní omi lára tó máa yà dànù.

Dókítà_Ẹlẹ́ran
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun tí ìyá sọ nípa ooru, bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Àmọ́ ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni eyín ológbò. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n ń pè ní Pasteurella, ẹnu ológbò ló ń gbé, kì í ṣe ológbò ní nǹkan kan. Eyín ológbò mú, ó sì tín-ín-rín, ó máa ń wọlé jinlẹ̀, awọ á wá padé lójú ihò ẹ̀, ẹ̀yin á rò pé ó kàn họ ọ́ díẹ̀ ni, kòkòrò ti ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tá a fi máa ń sọ pé ẹranko kékeré tí ológbò bá ti fẹnu kàn, ì báà má ṣẹ̀jẹ̀, kó rí àǹtíbáyótíìkì gbà kí wákàtí 24 tó pé. Ẹ máa rí àwọn tó máa dá a lójú pé kò sí nǹkan kan, ó ń sáré kiri, ó ń jẹun, tó bá wá di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ẹ jí ẹ bá a ní òkú. Torí náà ẹ wà lẹ́nu ọ̀nà dókítà yẹn kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn.

Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ má lọ mú kápúsù tó ṣẹ́kù sílé kẹ́ ẹ pín in sí wẹ́wẹ́ fún un. Ìwọ̀n ara ẹranko la fi ń ṣírò oògùn, èyí tẹ́ ẹ gbé yẹn lè má ju 100 gíráàmù lọ. Parasẹtamó ńkọ́, ibuprofen ńkọ́, ẹ má gbé e súnmọ́ ọn. Ọ̀kẹ́rẹ́ wà nínú ìdílé àwọn eku, àwọn yẹn ò sì lè bì, ohun tó bá ti gbé mì ti wọlé nìyẹn, kò sí bó ṣe lè pọ̀ ọ́ jáde.

Ojú ọgbẹ́ yẹn, tí ẹ̀jẹ̀ bá ṣì ń jáde ẹ fi aṣọ tó mọ́ tẹ̀ ẹ́ bíi ìṣẹ́jú 5, ẹ má máa ṣí i wò láàárín. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dá, ẹ po iyọ̀ ṣíbí kékeré kan, kó tẹ́jú, sínú ìdajì lítà omi tẹ́ ẹ ti sè tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fi fọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ẹ má fi spirit fọ̀ ọ́, ẹ má fi hydrogen peroxide fọ̀ ọ́, wọ́n máa ń jó ẹran ara tó yẹ kó jinná. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí irun ẹ̀ kẹ́ ẹ lè rí awọ ẹ̀ dáadáa, ihò eyín kì í jẹ́ ẹyọ kan, ẹ wo òdìkejì náà.

Ọmọ_Ìgbẹ́
Àǹtí Ṣadé, ẹ bá mi wo nǹkan kan. Ṣé ẹ rí àwọn nǹkan funfun wínníwínní tó lẹ̀ mọ́ irun ẹ̀, lójú ọgbẹ́, nínú etí, lábẹ́ ìrù? Ẹyin eṣinṣin nìyẹn, tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ di àárọ̀ á ti di ìdin. Ẹ má fi omi wẹ̀ ẹ́ torí òtútù tá à ń sá fún, ẹ fi kóòmù tó há tàbí bọ́rọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó gbẹ ya á kúrò.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ọmọ tí ojú ẹ̀ ò tíì là ò lè jáde fúnra ẹ̀, inú ìtẹ́ ni wọ́n ti gbé e tàbí kí ìtẹ́ ti wó. Wọn kì í sábà bí ẹyọ kan. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì lọ wo abẹ́ igi, àwọn àbúrò ẹ̀ lè wà nílẹ̀. Èyí tí ológbò ò bá fọwọ́ kàn, tára ẹ̀ gbóná tí kò sì ní egbò, ẹ má gbé e wọlé wá máa tọ́. Ẹ fi í sínú páálí tí ò ní ìdérí pẹ̀lú ìgò omi gbígbóná kan náà, kẹ́ ẹ gbé e sí ìdí igi yẹn lọ́la tí ilẹ̀ bá mọ́, kẹ́ ẹ wá jìnnà síbẹ̀. Ìyá ọ̀kẹ́rẹ́ sábà máa ń ní ju ìtẹ́ kan lọ, á wá fi ẹnu kó wọn lọ sí òmíràn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ pé tí èèyàn bá ti fọwọ́ kàn án ìyá ẹ̀ á kọ̀ ọ́, irọ́ ni jàre. Àmọ́ èyí tí ológbò gé jẹ yìí ò lè padà báyìí, àfi tó bá lo oògùn ẹ̀ tán.

Ṣadé_T
Ẹ ṣeun gan, Ọlọ́run á san án fún yín. Mo ti ṣe ti páálí, mo ti fọ ọrùn ẹ̀, ihò méjì ni mo rí, ọ̀kan lọ́tùn-ún ọ̀kan lósì bí dókítà ṣe wí. Mi ò rí ẹyin eṣinṣin. Ọkọ mi lọ wo abẹ́ igi kò rí òmíràn. Ara ẹ̀ ti ń gbóná bọ̀, kò gbọ̀n mọ́, ó ti ń fẹnu wá nǹkan káàkiri. Ṣé mo lè fún un lómi báyìí?

Ìyá_Kẹ́hìndé
Ó yá báyìí. Ẹ fi ìka méjì fa awọ ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀ sókè díẹ̀, ẹ yẹra fún ojú ọgbẹ́ o, kẹ́ ẹ jù ú sílẹ̀. Tó bá padà wálẹ̀ kíá, omi ṣì wà lára ẹ̀. Tó bá dúró sókè bẹ́ẹ̀ tó ń rọra wálẹ̀, omi ara ẹ̀ ti gbẹ. Èyíkéyìí kó jẹ́, ORS (omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń fún ọmọ tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru) lẹ máa kọ́kọ́ fún un, tí ò bá sí nílé, ṣúgà ṣíbí kékeré 6 àti ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀ nínú lítà 1 omi tẹ́ ẹ ti sè, kí ṣíbí náà tẹ́jú o, kó má ga gegele. Kó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pa wọ́n rèé, ẹ fara balẹ̀ kà á. Síríńjì 1 ml lẹ máa lò, ẹ yọ abẹ́rẹ́ ẹ̀ sọnù, síríńjì ńlá máa ń tú omi jáde lójijì. Ẹ má dá a dùbúlẹ̀ kó kọjú sókè bí ọmọ èèyàn, ẹ jẹ́ kó dojú kọlẹ̀ tàbí kó jókòó nínú aṣọ, kí orí ẹ̀ ga díẹ̀. Ẹ kán ọ̀kan sí i létè, ẹ jẹ́ kó lá a, kó gbé e mì, kẹ́ ẹ tó kán òmíràn. Tẹ́ ẹ bá rí i tí omi ń hó jáde ní ihò imú ẹ̀, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ dorí ẹ̀ kodò díẹ̀ kẹ́ ẹ nu imú ẹ̀, ó ti ń gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró nìyẹn. Tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró ó di àìsàn, ẹ á máa gbọ́ tí àyà ẹ̀ ń dún tó bá ń mí.

Tó bá mu tán, ẹ ò tíì ṣe tán o. Ọmọ tí ojú ẹ̀ ò tíì là ò lè tọ̀ fúnra ẹ̀, ìyá ẹ̀ ló máa ń lá a nídìí kó tó tọ̀. Ẹ ki òwú bọ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ máa fi rọra nu ìdí ẹ̀ títí ìtọ̀ á fi jáde, ìgbẹ́ náà á tẹ̀ lé e. Tí kò bá tọ̀ rárá lóru mọ́jú, ẹ sọ fún dókítà.

Àjàó_K
Ẹ kú iṣẹ́ o. Báwo ló ṣe máa pọ̀ tó? Ẹ̀gbọ́n mi náà ní ọ̀kan tí wọ́n rí lọ́sẹ̀ tó kọjá, oúnjẹ ni wọ́n ń fún un, ńṣe ni ikùn ẹ̀ ń wú.

Ìyá_Kẹ́hìndé
Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín wọn ìwúwo ẹ̀ lórí ìwọ̀n ìdáná, kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́ kó tó jẹun. Lẹ́ẹ̀kan, 5 ml fún 100 gíráàmù, èyí tó bá jẹ́ 60 gíráàmù kó gba 3 ml, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ tó bá tiẹ̀ ń sunkún. Irú ọmọ tí irun ti hù tí ojú ẹ̀ ò tíì là yìí, bíi wákàtí 3 sí 4 síra. Mílíìkì tí wọ́n ṣe fún ọmọ ajá, oníyẹ̀fun, ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tọ́ ọ̀kẹ́rẹ́ ń lò, kì í ṣe tàwa èèyàn. Ẹ má fún un ní ògidì ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kọ́kọ́ fi omi là á dáadáa, kẹ́ ẹ máa mú un ki díẹ̀díẹ̀. Ikùn tó wú yẹn, bóyá oúnjẹ ti pọ̀ jù tàbí afẹ́fẹ́ ló ń gbé mì tàbí kò tíì yàgbẹ́, kí wọ́n dá oúnjẹ dúró, kí wọ́n fún un ní ORS, kí wọ́n fi òwú nu ìdí ẹ̀. Tí kò bá fà lálẹ́ yìí kí wọ́n gbé e lọ.

Bọ̀dá_Táíwò
Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bíi pé ọmọ jòjòló la gbé sílẹ̀. Ẹranko ìgbẹ́ ni o! Ẹni tó bá gé jẹ ńkọ́, dìgbòlugi ńkọ́? Èmi ò lè jẹ́ kó wọ inú ilé mi láéláé.

Dókítà_Ẹlẹ́ran
Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè gidi nìyẹn. Ti dìgbòlugi, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ rí i lára àwọn ẹran tó wà nídìílé eku, ọ̀kẹ́rẹ́ náà sì wà lára wọn, ajá ló ń kó o ran èèyàn jù. Ìyẹn ò ní ká fọwọ́ ṣeré. Tó bá gé èèyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15, ẹ má fi ìka pè é ní 15, ẹ wo aago, kẹ́ ẹ wá lọ sí ọsibítù, wọ́n á wò ó bóyá ẹ nílò abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, wọ́n á sì yẹ ti dìgbòlugi náà wò gẹ́gẹ́ bí ó ṣe rí níbi tẹ́ ẹ wà.

Èyí tí àwọn èèyàn kì í rántí ni mpox, àìsàn tí wọ́n ń pè ní monkeypox tẹ́lẹ̀. Lára ọ̀kẹ́rẹ́ igbó kan tí wọ́n ń pè ní Funisciurus ni wọ́n ti rí kòkòrò ẹ̀ lọ́dún 1985, ní orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ Zaire nígbà yẹn. Lọ́dún 2003, wọ́n kó àwọn ẹran láti Gánà lọ tà ní Amẹ́ríkà, òkété wà níbẹ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, àwọn yẹn kó o ran prairie dog (ẹran kékeré kan tó jọ ọ̀kẹ́rẹ́), prairie dog kó o ran àwọn tó rà á lọ sílé. Ní Jámánì náà, láàárín 2011 sí 2013, ọkùnrin 3 tí wọ́n ń sin irú ọ̀kẹ́rẹ́ kan tó wá láti Amẹ́ríkà Àárín kú, kòkòrò bornavirus ló wọ inú ọpọlọ wọn. Mi ò sọ ọ́ láti dẹ́rù ba Àǹtí Ṣadé. Mò ń sọ pé kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, kí wọ́n fọ ọwọ́ lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, kí wọ́n má gbé e sórí tábìlì oúnjẹ, kí wọ́n má fẹnu kò ó lẹ́nu (mo ti rí i), kí ọmọdé, aláboyún àti ẹni tí àìsàn ń ṣe jìnnà sí i. Tí ẹran náà bá ní eéwo lára, ẹ má tọ́jú ẹ̀ nílé rárá.

Délé_Awakọ̀
Tèmi yàtọ̀ díẹ̀, àgbà ọ̀kẹ́rẹ́ ni, mọ́tò kọlù ú, ó ń fi ọwọ́ iwájú wọ́ ara ẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ò ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ gbé e, ó fẹ́ gé mi níka.

Ọmọ_Ìgbẹ́
Ẹ má fi ọwọ́ lásán gbé àgbà ọ̀kẹ́rẹ́ o, eyín iwájú wọn kì í dúró láti máa gùn, wọ́n fi ń fọ́ kóró igi, ìka yín ò ní le jùyẹn lọ. Ẹ da tówẹ́ẹ̀lì nípọn bò ó lórí àtara, ibí yìí tówẹ́ẹ̀lì dáa, ẹ rọra kó o pẹ̀lú tówẹ́ẹ̀lì náà sínú páálí, kẹ́ ẹ pa á dé. Tàbí kẹ́ ẹ da páálí bò ó kẹ́ ẹ wá ti páálí pẹlẹbẹ bọ abẹ́ ẹ̀. Ẹ má gbé e níìrù, awọ ìrù yẹn máa ń bọ́. Àgbà ọ̀kẹ́rẹ́ tó bá tiẹ̀ gbà kẹ́ ẹ gbé òun láìjà, ìyẹn gan-an ló yẹ kó bà yín lẹ́rù jù, ó ti rẹ̀ ẹ́ pátápátá.

Dókítà_Ẹlẹ́ran
Délé, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì bá kú báyẹn, ọ̀pá ẹ̀yìn ló ṣeé ṣe kó ní nǹkan. Nígbà mìíràn ara tó wú ló tẹ iṣan mọ́lẹ̀, tí wíwú náà bá fà ẹsẹ̀ á padà, nígbà mìíràn ọ̀pá ẹ̀yìn ti já nìyẹn, ẹ ò sì lè fojú lásán mọ èwo ni. Irú wọn kì í sábà lè tọ̀ fúnra wọn, ìtọ̀ á kún inú, ìyẹn nìkan tó láti pa á, torí ẹ̀ kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ máa gbé sílé máa wò. Ẹ má gbìyànjú láti fi igi di eegun fún un, ẹ gbé e lọ báyìí. Tó bá jẹ́ orí ló fi gbá, tẹ́ ẹ rí i tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú, tó ń yí gbirigbiri sápá kan, ẹ má gbé ìgò gbígbóná súnmọ́ orí ẹ̀.

Mo tún fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé dókítà lè sọ fún yín pé kí wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ kó sùn, kó má jí mọ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ tí ò lè gun igi láéláé, inú páálí ló máa ti máa jẹ̀rora. Mi ò rí ìyẹn bí ìwà ìkà.

Yínká247
Ó ká mi lára o, Bọ̀dá Délé. Àǹtí Ṣadé, tó bá wá yè ńkọ́? Ẹ̀pà lẹ máa máa fún un àbí? Èmi á kàn máa sìn ín ni, á máa gun èjìká mi káàkiri.

Ìyá_Kẹ́hìndé
Ẹ̀pà kẹ̀! Ẹ̀pà àti àgbàdo ló ń ba eegun ọ̀kẹ́rẹ́ inú ilé jẹ́. Kálíṣíọ̀mù inú wọn kéré, fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì pọ̀, ara ẹ̀ á wá máa fa kálíṣíọ̀mù látinú eegun ẹ̀. Ẹ̀ ń wò ó tó ń jẹun dáadáa, tó sanra, lọ́jọ́ kan kò fẹ́ gun nǹkan mọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ rọ, gìrì mú un. Tí ojú ẹ̀ bá ti là (ti ọ̀kẹ́rẹ́ eérú, irú èyí tó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba, máa ń là tó bá di ọ̀sẹ̀ 4 sí 5) á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ nǹkan líle, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ oníṣù tí wọ́n ṣe fún eku àti ẹ̀fọ́ tútù, ẹ̀ka igi tí ewé wà lórí ẹ̀ tí wọn ò fín oògùn sí, eegun tó mọ́ tó lè máa gé. Èso igi, ẹyọ kan péré lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ má já mílíìkì gbà lẹ́nu ẹ̀ ní kíákíá, wọ́n máa ń mu ún títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 10.

Ọmọ_Ìgbẹ́
Yínká, èjìká wo? Tó bá dàgbà tó mọ ara ẹ̀ lákọ tábí lábo, á gé ìwọ tó tọ́ ọ gan-an jẹ. Yàtọ̀ síyẹn, ibi púpọ̀ lófin ò ti gbà kéèyàn tọ́jú ẹranko ìgbẹ́ láìní láísẹ́ǹsì, ẹ bèèrè níbi tẹ́ ẹ wà. Òfin ọ̀hún tiẹ̀ lè ṣe yín ní kàyéfì, ní Ìlú Ọba láti ìparí 2019, ẹni tó bá gba ọ̀kẹ́rẹ́ eérú sílé ò gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀ padà, torí wọ́n kà á sí àjèjì tó ń lé ọ̀kẹ́rẹ́ pupa tiwọn kúrò nílẹ̀.

Níbi tí òfin bá ti gbà á, ẹ má kàn ṣí páálí lábẹ́ igi kẹ́ ẹ ní ó dàbọ̀. Kéèjì ńlá lẹ máa gbé síta lábẹ́ igi, kó ní àpótí tó lè sùn sí, kó wà níbẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kó mọ ohùn àti òórùn ibẹ̀, kẹ́ ẹ wá ṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ tí òjò ò rọ̀, kẹ́ ẹ má pa á dé mọ́, kẹ́ ẹ ṣì máa gbé oúnjẹ síbẹ̀ títí kò fi ní wá mọ́. Tó bá ti tó ìgbà yẹn kó má mọ ẹnikẹ́ni mọ́ yàtọ̀ sí ẹni kan tó ń fún un lóúnjẹ. Èyí tó bá ti mọ́ ológbò ilé lára, ẹ má tú u sílẹ̀ rárá, á rò pé ọ̀rẹ́ òun ni gbogbo ológbò.

Ṣadé_T
Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ó mu ORS díẹ̀, kò hó jáde nímú ẹ̀, ó tọ̀. Ológbò wà ní yàrá kejì, ó ń bínú.

Dókítà_Ẹlẹ́ran
Ẹ jẹ́ kó máa bínú lọ. Kẹ́ ẹ tó jáde lọ́la, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ kọ ìwúwo ẹ̀ sínú ìwé, àsìkò tí ológbò mú un, iye ORS tó mu, bóyá ó tọ̀ àti bóyá ó yàgbẹ́. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù kẹ́ ẹ tó gbéra, kì í ṣe gbogbo dókítà ẹranko ló ń gba ẹran ìgbẹ́, tí wọn ò bá gbà á wọ́n á mọ ẹni tó ń gbà á. Ẹ má fún un lóúnjẹ lọ́nà. Ẹ fi aṣọ bo páálí nínú mọ́tò, ẹ pa rédíò.